Orúkọ tó wà lára àga

Àga kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wọ wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ní gúúsù London. Àga lásán ni o, aláwọ̀ búlúù, apá ẹ̀ ọ̀tún ti ń bó díẹ̀, àmọ́ wọ́n lẹ irin pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ìyá àgbà kan sí i, ọdún tí wọ́n bí i, ọdún tó kú, àti pé àwọn ọmọ ẹ̀ ló ra àga yìí fún wọ́ọ̀dù torí bí wọ́n ṣe tọ́jú ìyá wọn. Tí mo bá ṣe náìtì, ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí láago mẹ́rin ìdájí, tí ẹsẹ̀ á máa ta mí bí ẹni tó rìn láti Mọ́kọ́lá dé Challenge. Màámi á ti jí nílé láti gbàdúrà, a á jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí Wàsáàpù.

Lọ́jọ́ kan fóònù mi yí díẹ̀, wọ́n rí irin yẹn lẹ́yìn mi, wọ́n ní kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo kà á, mo túmọ̀ ẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ìyá wọn kú, àga ni wọ́n rà? Wọn ò ṣe òkú ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, tí àgbà bá lọ, màlúù ni, aṣọ ẹbí ni, abọ́ rọ́bà tí wọ́n tẹ fọ́tò olóògbé sí nídìí ni. Mi ò bú u o, èmi náà ti jẹ nínú màlúù yẹn, rọ́bà ẹ̀ sì ń bẹ nílé mi dòní. Àmọ́ nígbà tí fóònù kú tán, mo wo àga yẹn dáadáa fúngbà àkọ́kọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń jókòó sórí owó òkú ìyá tí mi ò mọ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń lọ níbí, torí ọ̀pọ̀ àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rò pé ìjọba ló ń san gbogbo ẹ̀. Owó orí ló ń gbé NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ró lóòótọ́, owó oṣù wa, oògùn, iná, bẹ́ẹ̀dì. Àmọ́ ọsibítù ní ẹgbẹ́ aláàánú tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, charity ni gbogbo wa ń pè é, wọ́n lé ní 230 káàkiri UK. Owó tiwọn kò yẹ kó rọ́pò owó ìjọba, ibi tí owó ìjọba ò dé ló ń lọ: àga tó ń di bẹ́ẹ̀dì kí ìyá ọmọ lè sùn ti ọmọ ẹ̀, yàrá tí ẹbí lè jókòó sí kí wọ́n sunkún láìsí pé gbogbo ayé ń wò wọ́n, àti grant, owó ìrànwọ́ tí wọn kì í dá padà, kéékèèké fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó ní nǹkan kan tó fẹ́ wádìí. Tí ẹni tó ń san owó orí bá sì ta wọ́n lọ́rẹ pọ́ọ̀n kan, tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù Gift Aid, ìjọba á fi pẹ́ńsì 25 lé e. Nǹkan tó dáa ni, mi ò ní purọ́.

Ó sì ti pẹ́. Ọsibítù Guy's tó wà lẹ́bàá London Bridge, ọkùnrin kan tó ń tàwé ló fowó ara ẹ̀ dá a sílẹ̀ lọ́dún 1721, Thomas Guy. Ó kú lọ́dún 1724, wọ́n ṣí ọsibítù yẹn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ibo ló ti rówó? Ó ra ìpín rẹpẹtẹ nínú South Sea Company, kọ́ńpìnnì olókòwò kan, ó tètè tà á lọ́dún 1720 kó tó di pé gbogbo ẹ̀ já lulẹ̀ tó sọ àwọn tó kù di akúùṣẹ́. Kọ́ńpìnnì yẹn kan náà ló gba iṣẹ́ kíkó àwọn èèyàn dúdú lẹ́rú lọ fáwọn Sípéènì ní òdìkejì òkun. Ẹ wá wo ọ̀wọ́ àwa nọ́ọ̀sì Yorùbá tí à ń já láti Peckham àti Camberwell wọ àwọn ọsibítù gúúsù London láràárọ̀, àti àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn níbẹ̀. Kí lèèyàn fẹ́ sọ sírú ẹ̀? Mo máa ń kọjá níwájú ọsibítù yẹn, mi ò bínú, mi ò sì dúpẹ́. Mo kàn mọ̀ pé owó àánú kì í já bọ́ látọ̀run, ó níbi tó ti ń bọ̀, olówó ẹ̀ sì níbi tó fẹ́ kó lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin, SS ni, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní sickle cell. Fòníkú-fọ̀ladìde làwọn àgbà ń pè é, mi ò fẹ́ràn orúkọ yẹn láti kékeré, àmọ́ ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti fojú rí nǹkan. Láàárọ̀ á gbá bọ́ọ̀lù, tó bá dalẹ́ á máa ké pé itan òun ń fọ́. Ìbàdàn la wà, aṣọ ni Màámi ń tà ní Gbági. Mo rántí alẹ́ kan ní 2003, mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, a gbé e dé ọsibítù kan, wọ́n ní ká lọ san dìpọ́síìtì ká tó rí dókítà, Bàámi sì ti lọ sí Ṣakí. Ọmọ ń ké, Màámi ń bẹ̀bẹ̀, ẹni tó ń gbowó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Màámi ní kí n dúró ti àbúrò mi, wọ́n bọ́ síta lọ wá fóònù tí wọ́n máa fi pe Ìyá Ẹgbẹ́. Kò pẹ́ rárá, àwọn obìnrin márùn-ún ti dé, ẹlòmíì so ìró mọ́ àyà lórí aṣọ ìsùn, wọ́n gbé owó wá nínú nylon dúdú. Náírà ogún-ogún, àádọ́ta-àádọ́ta. Nínú ẹ̀ ni owó àjọ wà, tí kì í ṣe Màámi ló kàn láti kó o. Wọ́n kà á sórí káńtà yẹn níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kà á sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

Grant nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òyìnbó nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ńkọ́, àti èyí tó tún tẹ̀ lé e? Ìjọ dá, ẹgbẹ́ Gbági dá, àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ dá, ẹ̀gbọ́n Bàámi tó jẹ́ Alhaji kó sàráà wá, nígbà tí mo dé London èmi náà ń fi ránṣẹ́. Mo jókòó lọ́jọ́ kan mo fẹ́ ṣírò ẹ̀, orí fọ́ mi, mo pa kọ̀ǹpútà dé. Gbogbo ẹ̀ bá ẹ̀jẹ̀ lọ, ó bá dríìpù lọ, ó bá abẹ́rẹ́ ìrora lọ. Ó gba ẹ̀mí là o, àbúrò mi ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀, mi ò lè fojú kéré ẹ̀ láéláé. Àmọ́ nínú gbogbo owó yẹn, kọ́bọ̀ kan ò kan ibi tí ẹnì kan ti ń wádìí pé kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí fi ń ká kò bíi dòjé, kí la sì lè ṣe sí i. Ta ló fẹ́ dá irú owó bẹ́ẹ̀? Ọmọ tó ń ké lóru la rí. Ìwádìí kì í ké, kò níyàá tó ń bẹ̀bẹ̀ níwájú káńtà.

Àwọn kan wà tó dá a ṣá. Ní Amẹ́ríkà, àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní cystic fibrosis, àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù lára àwọn tó ń ṣe. Bíi SS náà ni, bàbá gbé ẹyọ kan wá, ìyá gbé ẹyọ kan wá, ọmọ tó bá gba méjèèjì ló kó sí wàhálà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki bí àtè ló máa ń dí wọn lẹ́dọ̀fóró. Lọ́dún 1955 àwọn òbí wọn kóra jọ, wọ́n dá Cystic Fibrosis Foundation sílẹ̀, wọ́n ń dáwó ìtọ́jú, wọ́n sì ń dáwó ìwádìí. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 2000, wọ́n gbé ìgbésẹ̀ kan tí ẹ̀rù ì bá ba èmi láti gbé: wọ́n kó owó àánú fún kọ́ńpìnnì olóògùn, wọ́n ní ẹ lọ bá wa wá oògùn èyí, tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ó fún wa nínú èrè ẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n kó sí i tó mílíọ̀nù 150 dọ́là. Vertex ló ra kọ́ńpìnnì yẹn, òun ló wá bá iṣẹ́ náà lọ. Oògùn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2012, Kalydeco, nígbà tó sì di 2014 ẹgbẹ́ àwọn òbí yẹn ta ẹ̀tọ́ tiwọn nínú èrè ní bílíọ̀nù 3.3 dọ́là. Bílíọ̀nù o, ojú yín ò ṣì í.

Ẹ wá gbọ́. Lọ́dún 2020 ìṣirò kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, JAMA Network Open. Àwọn tó ní cystic fibrosis ní Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 30,000, àwọn tó ní sickle cell tó 100,000. Wọ́n wo owó láti 2008 dé 2018. Owó tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ná, tẹ́ ẹ bá pín in kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 7,690 dọ́là fún cystic fibrosis. Fún sickle cell, 102 dọ́là. Tìjọba náà ò dọ́gba, 2,807 sí 812, àmọ́ ti aláàánú ló dùn mí wọ egungun. Mo ka 102 yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mo rò pé wọ́n gbàgbé òdo kan ni.

Àwọ̀ wà nínú ẹ̀, kò sí bí a ṣe lè yí i po yí i ká. Ọdún 1910 ni dókítà kan ní Chicago, Herrick, ti kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ tó ká kò yìí, ó wá di 1998 kí Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ fún un, hydroxyurea, oògùn yẹn gan-an sì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún jẹjẹrẹ, wọ́n kàn yá a lò ni. Àmọ́ àwọ̀ nìkan kọ́. Òbí tó mọ olówó, á rí olówó bẹ̀. Òbí tó ń ṣe iṣẹ́ méjì, tí ọmọ ẹ̀ ń wọ ọsibítù lóṣooṣù, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè pe ìpàdé?

Ní November 2023 ìròyìn dé pé wọ́n ti rí ohun tó lè wo SS sàn, Casgevy, UK ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú gbogbo ayé. Fóònù mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbiná. Àǹtí wa ní Oṣogbo fi ránṣẹ́, pásítọ̀ fi ránṣẹ́, ẹni tá a ti ń bára wa jà fi ránṣẹ́. Mo wo kọ́ńpìnnì tó ṣe é. Vertex! Òun àti CRISPR Therapeutics. Kọ́ńpìnnì kan náà tí owó àánú àwọn òbí cystic fibrosis bá gbé dé ibi tó dé. Mo jókòó sórí àga búlúù mi, mi ò lè sọ̀rọ̀. Àwọn òbí yẹn ń la ọ̀nà fún ọmọ tiwọn, ọ̀nà ọ̀hún ya dé ọ̀dọ̀ wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ dùn ún gbọ́. Ọmọ inú oyún ní irú ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ tí kì í ká kò, kódà kó jẹ́ SS. Tí wọ́n bá bí i tán, láàárín oṣù díẹ̀, ara á pa swíìṣì ẹ̀jẹ̀ yẹn, ti àgbà á gbapò, ìgbà náà ni ìrora bẹ̀rẹ̀. Ohun tí Casgevy ń ṣe ni pé ó ń lọ tan swíìṣì yẹn padà. Wọ́n á gba sẹ́ẹ̀lì ẹ tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, wọ́n á lọ tún un ṣe ní lábù, wọ́n á fi kẹ́mò, oògùn líle bíi ti jẹjẹrẹ, pa ohun tó kù nínú mùdùnmúdùn egungun ẹ, wọ́n á wá dá tàtúnṣe padà sí ẹ lára. Kì í ṣe nǹkan ọjọ́ méjì. Iye tí wọ́n kọ lé e níbí ni mílíọ̀nù 1.65 pọ́ọ̀n, fún ẹnì kan. Ní January 2025 wọ́n gbà pé kí NHS ní England máa san án fún àwọn tó bá yẹ, wọ́n fojú bù ú pé á tó àádọ́ta èèyàn lọ́dún.

Màámi ní èló. Mo sọ. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ ní náírà. Mo sọ. Wọ́n ní, "Ká ta gbogbo Gbági?" Mo ní ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ míì.

Nàìjíríà tí iye tí wọ́n máa ń sọ jẹ́ pé ọmọ 150,000 là ń bí pẹ̀lú ẹ̀ lọ́dọọdún, mílíọ̀nù pọ́ọ̀n ò lè kàn wá. Ohun tí àbúrò mi ń lò ni hydroxyurea tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, òun náà ń ta ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú yẹn jí díẹ̀díẹ̀, kápúsù lásán ni. Ṣé ẹ mọ ibi tí iléeṣẹ́ kan ti ń ṣe é? Awẹ́. Awẹ́ tó wà lẹ́bàá Ọ̀yọ́ yìí, Bond Chemical. Ọjọ́ tí mo mọ̀, mo pariwo nínú bọ́ọ̀sì 36, ìyá kan yí padà wò mí. Ìwádìí gidi sì ti wáyé nílé lórí oògùn yìí, ní Kánò àti Kàdúná. Àwọn ọmọ 220 tó ní SS tí ewu stroke, àrùn rọpárọsẹ̀, wà fún, wọ́n fún àwọn kan ní ìwọ̀n kékeré, wọ́n fún àwọn tó kù ní ìlọ́po méjì ẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ wọn. Àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2022: ní ti dídènà stroke, èyí tó pọ̀ ò ta èyí tó kéré yọ. Ẹ rò ó wò, ohun tí ìyẹn já sí fún ìyá tó ń fowó ara ẹ̀ ra oògùn. Àwọn ọmọ wa ni, àwọn dókítà wa wà ńbẹ̀, àmọ́ owó Amẹ́ríkà, ti NIH, àjọ ìjọba wọn tó ń náwó sí ìwádìí ìlera, ló wà nídìí ẹ̀. Àwa tá a lè fi wákàtí kan kó owó jọ lóru nínú nylon dúdú.

Mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó ní, "Ta lẹ fẹ́ gbé e fún tí ò ní jẹ ẹ́?" Kò burú láti béèrè. Ìjọba ńkọ́? Lọ́dún 2001 àwọn olórí Áfíríkà jókòó sí Àbújá, nílé wa níbẹ̀, wọ́n ṣèlérí pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́jẹ́ẹ̀tì máa lọ sí ìlera, ẹ lọ wo ibi tó dúró sí. Níbí gan-an, ẹ rántí Captain Tom, bàbá tó fẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2020, tó ní òun máa rìn gádìnnì òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nígbà ọgọ́rùn-ún kí wọ́n fún NHS ní 1,000 pọ́ọ̀n, tó wá di pé mílíọ̀nù tó lé ní 32 ni wọ́n rí. Owó yẹn dé ọ̀dọ̀ NHS Charities Together, àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ọsibítù, láìsí wàhálà. Àmọ́ orúkọ bàbá yìí ni wọ́n fi dá ẹgbẹ́ míì sílẹ̀, ní November 2024 ni Charity Commission, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, wá sọ pé ẹbí ẹ̀ jẹ àǹfààní tó pọ̀ lára ẹ̀. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àwọn èèyàn ò fẹ́ mọ ìyàtọ̀. Owó Gbági, àwọn tó dá a mọ ilé ara wọn, wọ́n ń kà á sókè. Tí ẹ bá gbé tiyín fún Sickle Cell Foundation ní Ìdí-Àràbà, tó kọjú sí ọsibítù LUTH ní Èkó, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akinyanju àtàwọn èèyàn ẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1994, ẹ ò ní sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kà á. Ìyẹn ló le fún wa.

Ohun kan tún wà tí mi ò tíì sọ. Nígbà tí egungun ìbàdí àbúrò mi kú, SS máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti ṣe flyer kí n tó mọ̀: fọ́tò ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́tà dókítà, nọ́ńbà àkáǹtì, lẹ́tà ńlá pupa. Ó ní kí wọ́n pa á rẹ́. Mo bínú sí i lórí fóònù, mo ní ṣé ìgbéraga ló máa fi rìn ni? Ó ní, "Àǹtí mi, tí mo bá sàn ńkọ́? Fọ́tò yẹn ò ní sàn. Á máa yí ká orí Wàsáàpù títí mo fi máa fẹ́yàwó." Mo lọ yá owó ní báǹkì, ọdún méjì ààbọ̀ ni mo fi san án, òun ló sì jàre.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń wo irin ara àga yìí lójú míì. Níbí, ẹni tó fún wọn lówó ni wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ síta, aláìsàn tó bá jókòó síbẹ̀ ò lórúkọ, kò bẹ ẹnikẹ́ni, ó kàn jókòó. Lọ́dọ̀ wa aláìsàn ló lórúkọ, òun ló ní fọ́tò, gbogbo ayé mọ ohun tó ń ṣe é àti iye tó jẹ́, àwọn obìnrin márùn-ún tó wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi gan-an tí mo wà ńbẹ̀, orúkọ méjì péré ni mo rántí nínú wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá Màámi pè. "Ìyá alága ńkọ́?" Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn báyìí. Mo ní ó wà, ó kí wọn. Wọ́n ní àwọn máa pé àádọ́rin ọdún lọ́dún tó ń bọ̀, ká tètè mọ aṣọ tá a máa mú, wọ́n wá fò sí ọ̀rọ̀ òkú láìsí pé ẹnì kan bi wọ́n, "Ẹ ò gbọdọ̀ fi àga rántí èmi o. Màlúù ni o."

Mo gbọ́ ohùn àbúrò mi lẹ́yìn, ó ń wá omi tó máa fi lo kápúsù ẹ̀. "Màlúù kan, àga kan."

"Àga wo? Ta ló fẹ́ jókòó síbẹ̀?"

"Èmi."